Ilé Tí Kíákíá Kọ̀ Láti Sùn

Lọ́dún tí wọ́n ń la títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì, tí ẹ bá gba Òkokomaikò kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí bàbá àgbàlagbà kan tó na gbalaja sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilé tuntun, ó fi aṣọ ìbora wé orí, ó gbé àtùpà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Yàrá tó dára wà nínú ilé náà, bẹ́ẹ̀dì wà nínú yàrá, tìmùtìmù tuntun wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó lé bàbá jáde. Làmídì ni orúkọ rẹ̀, ìjàpá ló sì ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ má baà rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn kan ní àdúgbò ti rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ ìlú Ọjọ́ ni Làmídì, Àwórì pọ́ńbélé. Ọkọ̀ ojú omi ló fi jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó máa ń gbé èrò àti àgbọn láti etí omi Ọjọ́ lọ sí àwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà, ó sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà wá kí ewé tó mì. Nígbà tí mọ́tò pọ̀ lóde, tí èrò ọkọ̀ rẹ̀ ń dín kù, ó fa ọkọ̀ náà sórí iyanrìn, ó dojú rẹ̀ dé, ó ní òun ti sinmi. Kò ráhùn. Kì í ráhùn rárá, àfi tí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Fáòsíátù, ìyàwó rẹ̀, ló ń ráhùn fún àwọn méjèèjì, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ẹja yíyan ni iṣẹ́ Fáòsíátù. Ilé ìdáná alámọ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé wọn, ògiri rẹ̀ nípọn, èéfín ẹja ti sọ inú rẹ̀ di dúdú kirikiri, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kọjú sẹ́yìn, sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjọ́. Inú ilé ìdáná yìí ni ìjàpá náà ń gbé. Làmídì ló mú un wá láti oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní Igbó-Elérin, ó sì mú un wá kí wọ́n lè sè é jẹ. Fáòsíátù gbà á, ó wò ó, ìjàpá náà yọ orí díẹ̀, òun náà wò ó.

"Ọ̀la la ó sè é," ni Fáòsíátù wí.

Nígbà tí ọ̀la dé, ó tún ní ọ̀la. Ọ̀la yìí kò dé mọ́. Sìdíkàt, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ lọ́pọ̀ ìgbà, ìjàpá ṣì wà nínú ilé ìdáná tó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Fáòsíátù sọ ọ́ ní Kíákíá, nítorí pé kò sí ohun tó ṣe kíákíá rí láyé rẹ̀.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti kírun mògáríbì tán, Kíákíá á rọra wọlé ìdáná, á kó sí ìdí ààrò níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, á fi ẹsẹ̀ iwájú gbẹ́ eérú títí ìdajì ara rẹ̀ á fi wọlẹ̀. Fáòsíátù á gbé pákó dí ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ó dàárọ̀ o, Kíákíá." Lẹ́yìn náà ló máa tó wọ yàrá, tó máa ní, "Ó dàárọ̀, Bàbá Sìdí."

"Ìjàpá lo kọ́kọ́ kí," Làmídì á wí. "Èmi ni ìkejì."

"Òun ló kọ́kọ́ sùn," Fáòsíátù á dáhùn, á sì fẹ́ àtùpà pa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí di ọdún tí owó Udójì jáde, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́, tí gbogbo Èkó ń ra rédíò àti fáànù. Ọdún yẹn ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Fáòsíátù. Nígbà tó mọ̀ pé àìsàn náà kò fẹ́ lọ, ó pe ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Kò sọ̀rọ̀ ogún, kò sọ̀rọ̀ aṣọ.

"Bàbá Sìdí, ẹ bá mi tọ́jú Kíákíá. Ẹ má jẹ́ kó máa sùn sí gbangba."

"Mo gbọ́," ni Làmídì wí.

Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu Làmídì. Tó bá ti ní òun gbọ́, ó ti búra nìyẹn. Fáòsíátù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi tún un sọ kó tó kú.

Sìdíkàt, tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ń ta páànù àti sìmẹ́ǹtì ní Ajangbadi, ọjà rẹ̀ sì ń tà wàràwàrà, nítorí pé ìgbà yẹn ni gbogbo ayé ń kọ́lé. Ẹni tó ní ilẹ̀ létí títì ń kọ́lé, ẹni tí kò ní ń wá a kiri. Ohun kan sì wà tí gbogbo àwọn tó ń kọ́lé nígbà náà gbà pọ̀: ilé tó bá lórúkọ gbọ́dọ̀ kọjú sí títì. Àwọn ilé àtijọ́ tó kọjú sí agbo ilé tàbí sí ọ̀nà omi, àwọn èèyàn wó wọn, wọ́n yí wọn padà. Ìwọ̀nba àwọn tí kò rí tiwọn wó dá ẹ̀yìn ilé lu, wọ́n sọ ọ́ di iwájú. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, Sìdíkàt kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù fún bàbá rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí títì, ó sì wó ilé ìdáná alámọ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló fẹ́ kọ́ kíṣìnì àwọn ayálégbé sí. Ó bi bàbá rẹ̀ kó tó wó o. Làmídì ní kò burú. Èrò rẹ̀ ni pé tí òun bá ti kọ́ ilé tó dára jù ú lọ fún Kíákíá, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ilé Kíákíá yìí kò ṣe é fi falẹ̀, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ títì ti rí Kíákíá. Ọ̀kan nínú wọn ti dúró lẹ́bàá ọgbà, ó ti bi Làmídì pé èló ni ẹran yẹn. Yàtọ̀ sí tiwọn, ìjàlọ máa ń jáde láti inú igbó tí kátápílà ń tú, ìjàpá tí ìjàlọ bá sì bá lójú oorun kò ní ibi tó máa sá sí. Tí Kíákíá bá ń sùn sí gbangba, wọ́n á jí i gbé tàbí kí kòkòrò jẹ ẹ́. Làmídì ronú pé ojú wo lòun máa fi rí Fáòsíátù ní ọ̀run.

Ó pe Àdìsá. Bíríkìlà ni Àdìsá, ará Ìsẹ́yìn, òun ló kọ́ ilé tuntun náà, ó sì ń yangàn pé láti Ìbà títí dé Ọ̀tọ̀ kò sí ògiri tí òun mọ tó wọ́.

"Bàbá, ilé ìjàpá?" Àdìsá rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri.

"Ilé tó dára," ni Làmídì wí. "Kì í ṣe àgò adìẹ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù wà níbí, páànù náà wà. Máa fi sìmẹ́ǹtì pa ilẹ̀ rẹ̀ táá máa dán. Ibo la máa kọjú ẹ̀ sí?"

Kódà bíríkìlà rẹ́rìn-ín ìbéèrè ara rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Làmídì náà rẹ́rìn-ín.

"Kọjú ẹ̀ sí títì jàre. Ṣé ará oko ni?"

Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wá ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Lójú omi ni ọgbọ́n rẹ̀ wà, kò rántí mú un gòkè.

Wọ́n kọ́ ọ tán, ó dùn ún wò. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni, òrùlé páànù, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó ń dán, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó kù lára wíńdò kùn ún. Àwọn tó ń kọjá lórí títì ń dúró wò ó, wọ́n ń bi Làmídì ta ló ń gbé ibẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé Kíákíá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lọ kírun. Nígbà tó padà dé, ìjàpá ti jáde, ó ti rìn yí ẹ̀gbẹ́ ilé ká, ó ti wà lẹ́yìnkùlé lórí òkìtì amọ̀ tó ṣẹ́kù lára ilé ìdáná, ó kó orí sínú.

Làmídì gbé e padà. Ó tún jáde. Ó fi ìbẹ́pẹ pípọ́n sínú ilé. Kíákíá wọlé, ó jẹ ìbẹ́pẹ tán, ó jáde pẹ̀lú omi ìbẹ́pẹ ní gbogbo àgbọ̀n rẹ̀. Ó fi pákó dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha pákó náà, kò sinmi, kò dákẹ́, bí ẹni tó ń ha ìkòkò, títí ọkàn Làmídì kò fi gbà á mọ́ tó sì ṣí i. Orí kunkun ìjàpá yìí kò kéré. Ṣùgbọ́n Làmídì náà ní tirẹ̀ lórí.

"Kò burú," ó wí. "Bí o kò bá sùn nínú ilé, èmi náà ò ní sùn nínú ilé."

Ó gbé bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tó ti lè máa wo títì àti ẹ̀yìnkùlé pọ̀, ó tan àtùpà, ó fi aṣọ bora. Bó ṣe di ẹni tí ẹ̀ ń rí nígbà tí ẹ bá ń kọjá nìyẹn. Ìgbà òjò bẹ̀rẹ̀, Làmídì ń sún bẹ́ǹṣì mọ́ abẹ́ páànù. Ikọ́ mú un. Ojú rẹ̀ jin sínú. Lójoojúmọ́ ni Sìdíkàt ń wá láti Ajangbadi láti wá bá a jà.

"Bàbá, ìjàpá ni o! Ìjàpá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún lọ sin òkú kejì láàárín ọdún kan ni?"

"Mo ti sọ fún ìyá ẹ pé mo gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n kàn tì í mọ́nú àpótí páálí nínú pálọ̀."

"Àpótí páálí kì í ṣe ilé."

Sìdíkàt á ké títí, á gbé oúnjẹ sílẹ̀, á lọ. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Kò sì mọ bó ṣe máa bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ ìjà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò fẹ́ rọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé eruku títì dìde. Làmídì fẹ́ lọ gbé Kíákíá wọ ilé aláwọ̀ ewé yẹn bó ti ń ṣe ní gbogbo ìgbà, ó sì rò ó pé kí òun kọ́kọ́ gbá inú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ìgbálẹ̀ kò dé ẹ̀yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ pátápátá, ó ki orí bọ ẹnu ọ̀nà, ó yí ojú padà láti wo ìta.

Ìgbà yẹn ló rí ohun tí Kíákíá ń rí. Eruku ń fẹ́ wọlé tààrà. Iná kátápílà kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Àgbádárìgì, ó mọ́lẹ̀ yòò sí i lójú, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Páànù tó ti yá oòrùn látàárọ̀ ń rọ ooru sí i lẹ́yìn ọrùn. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì le, ó ń yọ̀, kò sí ibi tí èékánná lè gbẹ́. Òjò sì bẹ̀rẹ̀, ó gba ojú títì wá, ó wọ ẹnu ọ̀nà lọ bá bàbá níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí.

"Ẹ wo bàbá tó ń wọlé ìjàpá!" ni ẹnì kan pariwo lórí títì, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín.

Ojú ń ti Làmídì, kì í sì í ṣe nítorí wọn. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí omi ló fi ń yí ojú ọkọ̀ kúrò lọ́nà afẹ́fẹ́ àti òjò, kò sì yí ẹnu ọ̀nà ẹni tó gbójú lé e bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ló kọ́ ilé náà fún.

Ó dìde pẹ̀lú aṣọ tútù, ó lọ sẹ́yìnkùlé. Kíákíá ti gbẹ́ ara rẹ̀ mọ́ ìdí òkìtì amọ̀, ó kẹ̀yìn sí títì, ilé tuntun sì ń bá a dí afẹ́fẹ́. Làmídì tẹ̀ síwájú láti gbé e. Òjò ti rin amọ̀ náà, òórùn kan sì dìde láti inú rẹ̀: èéfín, ẹja, eérú. Òórùn aṣọ Fáòsíátù ni. Ohun tí Làmídì kò ṣe níwájú àwọn àfáà lọ́jọ́ ìsìnkú, tí kò ṣe níwájú Sìdíkàt, ó ṣe é níbẹ̀. Ó jókòó sórí òkìtì nínú òjò, ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ pe Àdìsá.

"Mo fẹ́ kọ́ òmíràn. Alámọ̀."

Inú bí Àdìsá. "Alámọ̀ ní ayé sìmẹ́ǹtì! Bàbá, ẹ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Ẹ̀yìnkùlé ló máa wà. Wọn ò ní rí i."

Sìdíkàt náà dé, ó ní níbo ni kíṣìnì àwọn ayálégbé máa wà. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ hàn án pé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó fẹ́ jà, ṣùgbọ́n ó wo ojú bàbá rẹ̀ tó wú. Ó bọ́ sálúbàtà, ó ká ìró sókè, ó lọ pọn omi. Bí wọ́n ṣe da omi sórí òkìtì tí òun àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, Àdìsá tó dúró tó ń wò kò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ ò pò ó dáadáa!" Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ sínú amọ̀. "Ẹ kúrò. Ilé tí bàbá mi bí mi sí, kí ló fi mọ ọ́n bí kò ṣe amọ̀?"

Wọ́n ṣù ú ní ìṣù, wọ́n mọ ìpele kan, wọ́n jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó mọ èkejì lé e. Wọ́n mọ ọ́n sí ibi tí ààrò wà gẹ́lẹ́, lábẹ́ wíńdò ẹ̀yìn yàrá Làmídì. Ògiri rẹ̀ nípọn tó igbọnwọ́ kan. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà Ọjọ́, wọ́n gbé e ga díẹ̀ kí àgbàrá má baà wọlé, wọ́n sì la ojú omi yí i ká. Ọparun ni wọ́n fi ṣe igi òrùlé, wọ́n to ìmọ̀ ọ̀pẹ lé e títí oòrùn kò fi rí àyè wọlé, wọ́n jẹ́ kó sọ̀ wálẹ̀ bí etí fìlà. Wọn kò fi sìmẹ́ǹtì kan ilẹ̀ rẹ̀ rárá. Iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀, eérú àti ewé gbígbẹ ni Làmídì dà sí i, ó tún da eérú yí ìdí ògiri ká nítorí ìjàlọ.

Ó gbẹ tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, Làmídì kò gbé Kíákíá wọlé. Ó kírun mògáríbì, ó jókòó sórí ìtì igi kan, ó ń wò. Sìdíkàt dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ti tètè pa ìsọ̀ dé nítorí rẹ̀. Àdìsá ní òun kàn ń kọjá lọ ni, ṣùgbọ́n kò kọjá.

Kíákíá rìn yí ilé náà ká. Ó dúró. Ó na ọrùn sí ògiri, ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ó yí dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ibi gíga yẹn, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Ó wọlé. Wọ́n gbọ́ tó ń gbẹ́ eérú, kírí, kírí, lẹ́yìn náà wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Álíhámúdù lílàì," ni Àdìsá wí jẹ́jẹ́. Ó kí wọn, ó lọ.

Làmídì gbé pákó dí ẹnu ọ̀nà. Ó mú àtùpà, ó sì forí lé ibi bẹ́ǹṣì rẹ̀.

"Bàbá, ó ti wọlé," ni Sìdíkàt wí. "Kí ló tún kù tí ẹ̀ ń ṣọ́?"

Làmídì dúró.

"Sìdí, kì í ṣe ìjàpá nìkan. Yàrá yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ìyá ẹ ò sùn nínú ẹ̀ rí. Tí mo bá wọbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kí mi."

Sìdíkàt kò bá a jà. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó lọ ká aṣọ ìbora lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé e wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ṣí wíńdò ẹ̀yìn sílẹ̀. Làmídì tẹ̀ lé e. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì bí àlejò. Òórùn amọ̀ náà ń gba ojú wíńdò wọlé díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí Sìdíkàt ti jáde, ó yọjú lójú wíńdò.

"Ó dàárọ̀ o, Kíákíá."

Ìjàpá ló kọ́kọ́ kí, bí ó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ó yí padà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo.

"Ó dàárọ̀, Ìyá Sìdí," ó wí, ó sì fẹ́ àtùpà pa.